Òkúta Ò Lọ Ibì Kankan

Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́ Bàbá Àgbà, àlùfáà kan tí kò mọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Onísùúrù ènìyàn ni bàbá tí a ń ṣe àdúà fún yìí. Wọn kì í kánjú." Gbogbo èèyàn ní "Àámín." Èmi ò ṣe àámín o. Onísùúrù kẹ̀? Bàbá tó jẹ́ pé bí òrùlé bá ń jó, wọ́n á ní kí iná ṣe pẹ̀lẹ́ ná, kí àwọn kọ́kọ́ fọ ẹnu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi fi orúkọ dáadáa bo ohun tí ojú wa rí mọ́lẹ̀. Bàbá Àgbà ò ní sùúrù. Ọ̀la ni wọ́n ní. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń fi dọ̀la, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń bo gbogbo rẹ̀.

Bíríkìlà ni wọ́n. Ọwọ́ wọn mọ́ níbi iṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ òkú. Ògiri tí Bàbá bá mọ, ẹ lè fi wo èyí tó wọ́ lára ògiri àwọn ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ ọ́n gan-an ni wàhálà. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún wọn á wá lẹ́ẹ̀kíní, á wá lẹ́ẹ̀kejì, á fi ìbínú wá lẹ́ẹ̀kẹta, á sì fi ẹ̀rín lọ sílé láìtíì rí ògiri kankan. Odeda ni bàbá mi ti ń ṣe tíṣà, òun àti ìyá mi sì ń gbé níbẹ̀. Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà àti Ìyá Àgbà, àwọn òbí ìyá mi, ni wọ́n fi mí sí, ní Òwu. Èmi ni mo wá di ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníbìínú wọ̀nyẹn.

Obìnrin kan wá lọ́jọ́ kan tí ògiri ilé ìdáná rẹ̀ ti wó láti oṣù méjì. Ó ti ń pariwo láti ojú títì: "Bíríkìlà dà? Lónìí ni yóò yé mi!" Bàbá jáde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí wọ́n lè bí. Obìnrin náà ta gìrì, ó ní, "Áà, Bàbá, ẹ dìde o, ẹ má fi èyí ṣẹ́ mi léèpè!" Bàbá ò dìde. Wọ́n ní, "Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n wá láti ọjọ́ yìí, ìyá mi. Mo fi í dọ̀la kí ìtìjú kọ́kọ́ kúrò lára mi, àmọ́ bí mo ṣe ń fi í dọ̀la ni ìtìjú ń pọ̀ sí i. Ẹ bá mi dá sí i." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, obìnrin yìí ti jókòó, ó ń fi ìborùn nu omijé ẹ̀rín, ó ń sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má da ara wọn láàmú, ìgbà yòówù tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Nígbà tó lọ, Bàbá yíjú sí mi. "Ṣé o rí i? Ìbínú náà lè dúró dọ̀la."

Kì í ṣe èèyàn nìkan ni wọ́n ń bá ṣe é. Ọdún kan wà tí ibà kọlù wọ́n nínú oṣù ààwẹ̀, wọ́n sì jẹ ààwẹ̀ ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀sìn ní kí wọ́n gbà á padà kí ààwẹ̀ mìíràn tó dé. Oṣù mọ́kànlá ni Ọlọ́run fún wọn. Ìyá Àgbà rán wọn létí nígbà ọyẹ́, ó rán wọn létí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó rán wọn létí nígbà tí àgbàdo tuntun jáde. "Lọ́la ni mo máa bẹ̀rẹ̀." Ìgbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí oṣù lé ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fò dìde láti gbààwẹ̀. Wọ́n gbà á ní ọjọ́ márùn-ún gbáko, wọ́n sinmi ọjọ́ kan, wọ́n sì tún wọ inú ọgbọ̀n ọjọ́. Ètè wọn gbẹ, ojú wọn wọnú, Ìyá Àgbà ń káàánú wọn, ó tún ń bú wọn. Bàbá tẹjú mọ́ Ìyá, wọ́n ní, "Àlejò pàtàkì la máa ń lọ pàdé lọ́nà, Ìyá Sàdíà. Mo lọ pàdé ààwẹ̀ ni." Sàdíátù lorúkọ ìyá mi, òun ni àkọ́bí wọn.

Èmi náà ò ṣàì jẹ nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣejáde wà tí ẹni tó ń tọ́jú mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù yìí fi sùn lábẹ́ ìrọ̀rí Bàbá. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kùn, mo sunkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ti ìwé ìforúkọsílẹ̀, a sáré láti Òwu dé ilé ìwé lábẹ́ oòrùn, èmi níwájú, bàtà lọ́wọ́, Bàbá lẹ́yìn tí wọ́n ń kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé. Akọ̀wé ti ń ti dúróọ̀ rẹ̀. Bàbá jókòó, wọ́n gba bírò, wọ́n fi ọwọ́ tó balẹ̀ kọ orúkọ wọn ní lẹ́tà Lárúbáwá, wọ́n ní kí akọ̀wé má bá mi wí, pé ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni mo ti ń sáré. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó gba fọ́ọ̀mù. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ọjọ́ ọ̀la mi ni wọ́n fi ń ṣeré yẹn. Lójú ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi. "Ìyá Kíákíá, àṣé ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Gbogbo ìwọ̀nyẹn, mo lè gbójú fò ó. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ni mi ò lè gbójú fò.

Orí àpáta ni ilé wa wà, bí ọ̀pọ̀ ilé ní Òwu. Láti ẹnu ọ̀nà dé ojú títì, àpáta gbalasa ló dà gẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò burú. Nígbà òjò, ó máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ìyá Àgbà ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Ìtọ̀kú, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń ru igbá abọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta yẹn, tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi tọrọ àtẹ̀gùn lọ́wọ́ ọkọ wọn, ọkọ wọn tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn tó mọ fún àwọn ará àdúgbò kò lóǹkà.

"Bàbá Sàdíà, àtẹ̀gùn mi ńkọ́?"

"Òkúta ò lọ ibì kankan."

"Òkúta ò lọ. Ẹsẹ̀ mi ló ń lọ."

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́, lọ́la."

"Ọlọ́run ti fẹ́ tipẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́!"

Wọ́n á wá jọ bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù nìyẹn: Ìyá Àgbà máa ń rẹ́rìn-ín! Ọmọ Òwu ni wọ́n, Òwu kì í ránró, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ bọ̀rọ̀. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń kà á.

Ẹ̀ẹ̀kan ló dà bíi pé Bàbá máa ṣe é. Simẹ́ńtì wọ́n bí ojú nígbà náà, ṣùgbọ́n awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ simẹ́ńtì ní Ewékorò já àpò mẹ́fà sílẹ̀ fún wọn. Àwọn aládùúgbò wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tà á fún àwọn. Bàbá ní rárá, ti ìyàwó àwọn ni. Inú Ìyá dùn títí. Simẹ́ńtì wọ yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó. Òjò ọdún kan rọ̀ kọjá, ti ọdún kejì tún rọ̀ kọjá. Ìgbà tí mo lọ fẹsẹ̀ tì í lọ́jọ́ kan tí mò ń gbálẹ̀, àtàǹpàkò mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti di òkúta. Àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà! Bíríkìlà tí simẹ́ńtì dì mọ́ inú àpò lọ́wọ́, ẹ rí i? Mo rò pé ojú máa tì wọ́n. Wọ́n ya bébà kúrò lára simẹ́ńtì náà, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n tò ó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì pe Ìyá Àgbà kí ó wá jókòó. "Àga tí ikán ò lè jẹ," ni wọ́n wí.

Ìyá Àgbà jókòó, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí a ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì àti ọṣẹ, tí àwọn ológun ti padà sórí ìjọba, òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ajé kan. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ariwo abọ́. Abọ́ ń yí, wọ́n ń lu ara wọn, wọ́n ń lọ títí dé ojú títì, kò sì sí ohùn èèyàn kankan láàárín rẹ̀. Ìgbà tí mo sáré jáde, Ìyá Àgbà wà nílẹ̀ lórí àpáta, ẹsẹ̀ kan yí sí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Bàbá jáde tòun ti pákò lẹ́nu. Wọ́n yanu. Ìyá gbójú sókè wò wọ́n, wọ́n ní, "Ẹ má sọ nǹkan kan."

Egungun itan ló ṣẹ́. Ẹni tó ń to eegun tò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìyá mi sì gbé Ìyá lọ sí Odeda kí ó lè máa tọ́jú wọn. Kí ọkọ̀ tó ṣí, Ìyá fi ọ̀rọ̀ rán mi sí Bàbá, bẹ́ẹ̀ Bàbá dúró síbẹ̀ gan-an ni o. "Sọ fún bàbá rẹ pé ọjọ́ tí n bá ti rí ibi tí n máa gbẹ́sẹ̀ lé, ọjọ́ yẹn ni n máa padà wálé."

Ṣé ẹ rò pé Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì? Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní òjò ò ní jẹ́ kí simẹ́ńtì gbẹ. Nígbà tí òjò dá, wọ́n ní iyanrìn ò tíì dé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á ra búrẹ́dì, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Odeda lọ pa ìyàwó wọn lẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ìyá mi sọ fún mi pé Ìyá Àgbà máa ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi di itan wọn mú. Oṣù mẹ́rin kọjá.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bàbá gbé búrẹ́dì kalẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Sàdíà, mo bá àpáta yẹn sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní kí n kí ọ." Ìyá ò gbójú sókè. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Bàbá tún un sọ, bí ẹni pé Ìyá ò gbọ́.

"Mo gbọ́," ni Ìyá wí. "Ẹ̀rín ló tán. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rẹ́rìn-ín fún yín, Bàbá Sàdíà, ó ti tó. Mo ti sọ fún ọmọ yín pé kó bá mi tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. Ibí ni n máa kú sí."

Mo wo Bàbá. Mi ò rí ojú wọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n tọwọ́ bọ àpò, wọ́n fa okùn ìwọ̀n yọ, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Ìyá.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Gbé e dé ibi tí kò ti ní dùn ọ́."

Ìyá gbé e. Kò ga ju ìka mẹ́rin lọ. Bàbá fi okùn wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ta á ní kókó, wọ́n sì fi okùn náà sínú fìlà. Mo pòṣé, mo rò pé àwàdà mìíràn ló ń bọ̀. A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Bí wọ́n ṣe kírun àsùbáà tán ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ òòlù. Wọ́n ń ṣá àpáta lára kí simẹ́ńtì lè rí ibi dì mú. Wọ́n ṣá a ní ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń fi kókó okùn yẹn wọn gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìka mẹ́rin, ìka mẹ́rin. Ibi tí bíríkìlà mìíràn ì bá ti ṣe àtẹ̀gùn méjìlá, ọgbọ̀n ó lé ẹyọ kan ni Bàbá ṣe. Àwọn èèyàn ń dúró lójú títì láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. "Bíríkìlà, ṣé adìẹ lẹ ń mọ ọ́n fún ni?" Bàbá ò dáwọ́ dúró. "Ẹni tó lẹsẹ̀ ló làtẹ̀gùn."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló gbà wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, gbogbo ènìyàn ń kí wọn kú iṣẹ́, àyàfi èmi. Mo dúró níwájú wọn, mo ní, "Bàbá, ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré! Kí ló dé tí ẹ fi gba ọdún mọ́kànlá?" Mo ti mọ̀ pé mo kọjá àyè mi. Mo ń retí kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá fọ ọwọ́ wọn nínú páànù, wọ́n fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Mi ò mọ̀, Múní," ni wọ́n wí. "Mo rò pé yóò máa rẹ́rìn-ín lọ ni."

Ìyá mi gbé Ìyá Àgbà dé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n dúró, wọ́n wo àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àkọ́kọ́. Wọ́n gbé e lé èkejì. Ó bá ẹsẹ̀ wọn mu wẹ́kú. Ojú wọn ti ń tàn. Nígbà tó di ìkẹjọ, wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ ò bá nǹkan kan.

"Bàbá Sàdíà, irin tí èèyàn ń dì mú dà?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sọ. Wọ́n ní, "Ó di ọ̀la."

Háà! Ìyá mi kawọ́ lérí. Èmi, bí mo bá ní òòlù lọ́wọ́ ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá fi ṣe. Bàbá sáré sọ̀kalẹ̀, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó wọn, wọ́n fi èjìká wọn sílẹ̀. "Lónìí, dì mí mú ná." Ìyá wò wọ́n. Gbogbo wa ń dúró. Ó tó ìgbà kan tí mo rò pé wọ́n máa yí padà sínú ọkọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn wọn, ẹ̀rín yẹn, ẹ̀rín tí a ò gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì di èjìká Bàbá mú gọngọ, wọ́n jọ gùn ún dé òkè.

Ọ̀la yẹn ò dé o. Irin ò dé. Ó lé ní ọdún mẹ́rin tó jẹ́ pé bí Ìyá bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á pe, "Bàbá Sàdíà, èjìká dà?" Bàbá á fi oníbàárà sílẹ̀, wọ́n á fi oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á dé. Mi ò rí i kí wọ́n fi ìyẹn dọ̀la rí. Wọ́n á máa bá Ìyá sọ ìsọkúsọ láti àtẹ̀gùn kìíní dé èyí tó kẹ́yìn. Ìgbà tí mo gba iṣẹ́, mo ní kí n san owó irin náà kí gbogbo wa sinmi. Bàbá kọ̀. "Irin á dípẹtà. Èmi náà á dípẹtà, ṣùgbọ́n èmi mọ ọ̀rọ̀ sọ." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀lẹ ni àbí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, ìyẹn sì ń bí mi nínú.

Wọ́n kú ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ díẹ̀. Kí ìrun aláàsárì tó wọlé, a ti sin wọ́n, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Nínú ogójì ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Ìyá Àgbà ò sọ̀kalẹ̀ rárá.

Ọjọ́ kejì àdúà ogójì ni mo mú wẹ́dà kan tó ń jó irin wá pẹ̀lú téèpù rẹ̀. Ìyá bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń wọn ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

"Ta ló pè é?"

"Èmi ni, Ìyá. Irin ni."

"Jẹ́ kó máa lọ. Bàbá rẹ ní àwọn máa ṣe é."

"Ìyá, Bàbá ti kú!" Ohùn mi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi.

"Ṣé èmi lo wá ń sọ fún?" Ìyá na ọwọ́ sí mi. "Wá. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀."

Mo fi èjìká mi sílẹ̀, wọ́n dì í mú. A sọ̀kalẹ̀ ní ìkíní, ní ìkejì. Ní ìkẹfà, wọ́n fà mí láṣọ.

"O ń yára jù."

Mo rọra. Nígbà tí a dé ààrin, Ìyá dúró. Wẹ́dà ti wà nísàlẹ̀, ó ń ká téèpù rẹ̀, ó ń wò wá.

"Bàbá rẹ máa ń sọ̀rọ̀ níbí," ni Ìyá wí.

"Kí ni kí n sọ, Ìyá?"

"Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín."

Mo wá gbogbo orí mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bá ọkùnrin yẹn bínú, mi ò kọ́ ẹyọ àwàdà kan lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ Ìyá wúwo lórí èjìká mi. Ẹsẹ̀ wọn kò fẹ́ lọ síwájú, kò fẹ́ padà sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá sọ nǹkan kan, a máa padà sókè ni, wọn ò sì ní sọ̀kalẹ̀ mọ́ láé.

"Ìyá," ni mo wí, "ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn wọn, mo rò pé ẹ̀rín ni. Nígbà tí mo yíjú wò wọ́n, ẹkún ni. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tó kàn, mo sì rọra bá wọn lọ títí a fi dé ojú títì.